Bí ẹ ṣe lè fi géèjì kún Ìjàpá yín láì ba dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá nínú Òṣogbo yìí, mo mọ̀ pé a ò pọ̀ mọ́, àmọ́ a ṣì wà. Ọ̀rọ̀ géèjì ni mo bá wá. Bí Ìjàpá ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, géèjì eré ló ní, ó lè ní ti epo, ó tán. Ní ti ìlera ẹ́ńjìnnì, iná kékeré méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀: iná aláwọ̀ ewé fún ọ́ìlì, iná pupa fún jẹnẹrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì. Iná ọ́ìlì yẹn ò ní tàn àfìgbà tí pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, bá wálẹ̀ dé bíi 2 sí 6 psi (psi ni ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀). Kí nìyẹn wúlò fún? Ìgbà tó bá fi máa tàn lórí eré, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara ẹ̀ nínú.

Géèjì mẹ́ta ló tó: pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, gbígbóná ọ́ìlì, àti vóòtì. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà tà yín ní ti gbígbóná omi o, torí àwọn géèjì mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú páálí kan, ti omi ló sábà máa ń wà níbẹ̀, Ìjàpá ò sì ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára, omi wo lẹ fẹ́ wọ̀n? Ti ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ bèèrè, èyí tó ka 50 dé 150 dígírì.

Ẹni tó bá rò pé géèjì vóòtì kò ṣe pàtàkì, ẹ gbọ́ èyí. Bẹ́líìtì kan náà tó ń yí jẹnẹrétọ̀ ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá já, iná mànàmáná lọ, afẹ́fẹ́ náà lọ. Tí abẹ́rẹ́ vóòtì bá ṣàdéédé ṣubú lójú títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ilé mẹkáníìkì kọ́kọ́. Àwọn kan á ní àmítà, èyí tó ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn, ló dáa jù, èmi ò gbà, torí gbogbo iná ọkọ̀ ló máa gba inú àmítà kọjá, wáyà gbọ̀ngbọ̀n á wá máa bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ara ẹ̀ bá bó díẹ̀ báyìí, iná ńlá nìyẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ ra géèjì àti sẹ́ńdà ẹ̀ pọ̀ látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà. Sẹ́ńdà ni irin kékeré tó ń jókòó sára ẹ́ńjìnnì tó ń jíṣẹ́ fún géèjì, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Sẹ́ńdà pírẹ́ṣọ̀ ilé iṣẹ́ VDO ti Jámánì máa ń lọ láti 10 ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) dé 180, ti Amẹ́ríkà púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 240 kó wá máa sọ̀kalẹ̀ dé 33. Ẹ rí i pé ńṣe ni wọ́n kọjú síra. Ẹ pa wọ́n pọ̀, kí géèjì máa sọ fún yín pé pírẹ́ṣọ̀ ń ga nígbà tó ń kú lọ. Ẹ tún wo vóòtì ọkọ̀ yín, torí àwọn Ìjàpá tó ti pẹ́ gan-an, àwọn tó ṣáájú 1967, 6 vóòtì ni púpọ̀ nínú wọn, géèjì 12 vóòtì ò ní sọ òótọ́ níbẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa kàn án mọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gé dáṣíbọ́ọ̀dù. Irin ni, ẹ bá ti lu ú, ó di lílù títí ayé. Páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ní apá Òkè-Fìà ni mo ní kó gé àlúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan fún mi, ó lu ihò mẹ́ta tó fẹ̀ tó 52 mm sí i, ìwọ̀n géèjì kékeré nìyẹn, ó wá tẹ etí ẹ̀ kó lè so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo kùn ún ní dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lọ́la lè tú u kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó kan iṣẹ́ gangan. Ẹ kọ́kọ́ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, bátìrì wà lábẹ́ ẹ̀ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ tú orí négétíìfù.

Síwíìṣì ọ́ìlì, òun ló ń tan iná ọ́ìlì, wà lára ẹ́ńjìnnì lápá òsì, nítòsí disitiríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, wáyà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ dànù kẹ́ ẹ wá fi sẹ́ńdà rọ́pò ẹ̀, ẹ ra jọ́ìntì T, irin ẹlẹ́nu mẹ́ta, kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀, torí géèjì kì í pariwo, iná ló ń pariwo, ìgbà míì ojú yín ò ní sí lára géèjì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù lọ: ihò yẹn, tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tí a fi ń yí nǹkan wọlé) M10x1 ni. Púpọ̀ nínú sẹ́ńdà Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń ti Ṣáínà wá, 1/8 NPT ni. Ojú lásán ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, á wọlé bíi yíyí méjì, á wá le, ẹni tó ń ṣe é á ní "á wọ̀, ẹ jẹ́ n fi sípánà sí i." Irin líle kọ́ o, magnesium ni ara ẹ́ńjìnnì yẹn, ó fúyẹ́, ó sì rọ̀, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ á ṣá kúrò bíi iṣu, ẹ́ńjìnnì odidi lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nítorí sẹ́ńdà kékeré. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí i wọlé. Tí ọwọ́ ò bá lè yí i dé ìdajì, kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ wá àdápítọ̀. Ẹ má sì we tééèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ ọn lára yíká, ara irin ni sẹ́ńdà ti ń gba ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), tééèpù lè dí i lọ́wọ́.

Fún gbígbóná ọ́ìlì, sẹ́ńdà kan wà tó ń wọ ojú ihò tí wọ́n ti ń sẹ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀. Òun ló ń sọ òótọ́ jù, àmọ́ pẹ̀lú gálọ́ọ̀pù tó wà ní àdúgbò wa, mi ò lè fi nǹkan tó ń yọ jáde sábẹ́ Ìjàpá tó ti ń fara wọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó dà bí ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ni mo lò, ẹ kàn máa fà á yọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ọ́ìlì, kẹ́ ẹ sì nu ojú ibi tó ti ń kan irin dáadáa.

Wáyà máa rìn jìnnà, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ni géèjì wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín báyìí pé kẹ́ ẹ má ra géèjì tó ń fi páìpù gbé ọ́ìlì fúnra ẹ̀ wá síwájú. Wáyà 1 mm tó, ẹ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tó bá ti gba inú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí etí ihò náà. Iná tó ń gbé géèjì ṣiṣẹ́, ẹ mú un níbi tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ní iná, pẹ̀lú fúúsì 3 tàbí 5 ámpìa.

Ẹ̀yìn géèjì wá ńkọ́? Ó láwọn lẹ́tà. Ọmọ rẹ́wáyà tó bá mi ṣe é rí G lẹ́yìn VDO, ó ní G ni "ground", ó so ó mọ́ ara ọkọ̀. A tan kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì tútù bí omi àmù, abẹ́rẹ́ gbígbóná fò lọ sí òpin. Ó ní géèjì ti bàjẹ́, kí n lọ dá a padà. Géèjì ò bàjẹ́ o jàre, èdè Jámánì ló wà níbẹ̀, G yẹn dúró fún Geber, sẹ́ńdà nìyẹn. Àmì ìyọkúrò ni ẹ́ẹ̀tì, àmì ìròpọ̀ ni iná. Lára ti Amẹ́ríkà, S ni sẹ́ńdà, I ni iná kọ́kọ́rọ́, GND ni ẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń dán wáyà wò: ẹ tú wáyà kúrò lórí sẹ́ńdà gbígbóná, ẹ fi kan irin, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí òpin gbígbóná. Ti pírẹ́ṣọ̀ VDO yàtọ̀, á já sí òdo tẹ́ ẹ bá fi kan irin, á ga dé òkè tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀.

Kí lẹ wá fẹ́ rí? Vóòtì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5 dáa, tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ọ́ìlì láàárín 80 sí 110 dígírì, tó bá ti kọjá 120, ẹ dúró kí ó sinmi. Èmi gan-an rí 115 ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò kún gbogbo Ọjà Ọba tí ọkọ̀ ò lè rìn, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mo ra bọ̀ọ̀lì jẹ. Ìwé Volkswagen ní pírẹ́ṣọ̀ máa ń tó 42 psi nígbà tí ọ́ìlì SAE 30 bá gbóná dé 70 dígírì lórí 2500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ìyẹn bíi 75 kìlómítà ní wákàtí kan lórí gíà kẹrin. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 28, ẹ́ńjìnnì ti gbó. Ìjàpá yín lè má rí bí tèmi, torí náà ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ tiẹ̀ máa ń dúró lówùúrọ̀, lójú títì Iléṣà, àti nínú gòsíló Ọláìyá, ẹ kọ ọ́ sí fóònù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wà á bíi ìṣẹ́jú ogún, ẹ padà sílé, ẹ fi ìka nu abẹ́ jọ́ìntì T yẹn. Tí ọ́ìlì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ rọra fún un le ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fojú kékeré wo jíjò, torí lítà méjì àbọ̀ péré ni gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú Ìjàpá.