Bí mo ṣe yẹ àtúnṣe kan wò nínú kernel Linux: ọ̀nà àtijọ́ tí kò gbọ́ pé òfin ti yí padà

Wọ́n gbé àtúnṣe kan fún mi láti yẹ̀ wò kí a tó fi kún kernel (ọkàn ètò Linux, tí ó ń darí kọ̀ǹpútà) tí à ń lò lórí àwọn sáfà wa. Àléébù tí ó fẹ́ mú kúrò léwu gan-an: bí socket kan (ojú tí ètò kan ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) bá ti ń fi data ránṣẹ́ kí a tó ṣe òfin tuntun fún IPsec, ìlànà tí ó ń fi àrokò bo data lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, data rẹ̀ á ṣì máa jáde ní gbangba, bẹ́ẹ̀ òfin ti ní kí a fi àrokò bò ó. Ẹni tí ó ṣe òfin náà kò ní rí ìkìlọ̀ kankan.

Lóòótọ́, wọ́n ti yọ ibi tí IPv4 ń kó ọ̀nà (ibi tí data yóò gbà dé ibi tí ó ń lọ) pamọ́ sí kúrò láti Linux 3.6 ní 2012, ṣùgbọ́n socket tí a ti so mọ́ òdì kejì ṣì ń tọ́jú ọ̀nà tí ó rí kẹ́yìn sọ́wọ́. Nọ́ńbà kan, rt_genid, ni ó ń fi mọ̀ bóyá ọ̀nà náà ṣì dára: a kọ ọ́ sára ọ̀nà nígbà tí a wá a rí, kernel á sì fi ọ̀kan kún ti gbogbogbòò nígbà tí òfin bá yí padà, kí socket tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá a mu mọ́ lè lọ wá ọ̀nà tuntun.

Àtúnṣe náà fi nọ́ńbà kún, àmọ́ kí òfin tó wọ inú àtòjọ ni ó ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Bí CPU mìíràn bá wá ọ̀nà láàárín ìlà kóòdù méjèèjì yìí, èyí tí ó fi nọ́ńbà kún àti èyí tí ó fi òfin sínú àtòjọ, kò ní rí òfin kankan, yóò sì kọ nọ́ńbà tuntun sára ọ̀nà tí kò ní àrokò. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tí yóò tún sọ fún un pé ọ̀nà náà ti bàjẹ́.

Mo fi veth (wáyà àfọwọ́dá inú kernel) so netns méjì (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lórí ẹ̀rọ kan náà) pọ̀, mo ṣí tcpdump, tí ó ń fi ohun tó ń kọjá hàn, sí òdì kejì, mo sì jẹ́ kí socket UDP kan (ìlànà ìfiránṣẹ́ tí kì í dúró de ìdáhùn) tí a ti so mọ́ òdì kejì máa ránṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Mo ṣe òfin ESP (apá IPsec tí ó ń fi àrokò bo data) láìfún un ní kọ́kọ́rọ́, nítorí náà kò yẹ kí packet (ègé data) kankan jáde. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ bó ṣe yẹ, èyí tí ó fi hàn pé ìdánwò lásán ì bá ti tàn mí jẹ. Nígbà tí mo fi ìdádúró mílísẹ́kọ́ńdù 10 sáàárín ìlà méjèèjì, UDP ń tú jáde ní gbangba lójú tcpdump, kò sì dáwọ́ dúró títí mo fi pa socket náà.

Mo kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe àtúnṣe náà pẹ̀lú àbájáde ìdánwò yìí. Ó gbé òfin ṣáájú, ó fi nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Mo tún dán an wò pẹ̀lú ìdádúró kan náà, kò sí packet tí ó jáde. Mo fún òfin náà ní kọ́kọ́rọ́, ESP nìkan ni mo rí, mo sì fọwọ́ sí àtúnṣe náà.