Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àjọjẹun Ẹgbẹ́ Àdúgbò ní Ìlọrin

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Jímọ̀, àwọn mùsùlùmí kan a sì máa gba ààwẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nítorí náà, ọ̀sán Sátidé lẹ́yìn ìrun Àílà ló dára jù.

Kí akápò gba owó oúnjẹ kí ẹ tó ka iye ènìyàn, torí pé ẹni tó fi ẹnu lásán sọ pé òun ń bọ̀ kò tíì wá. Ẹ lọ wo ilé oúnjẹ tí ẹ fẹ́ lò fúnra yín: omi ìfọwọ́, àyè ìgbọ́kọ̀sí, àti bóyá àwọn àgbà yóò gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ iyán ni kí ẹ bá wọn sọ dáadáa. Iyán ènìyàn 25 kì í ṣe ohun tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n bá sì gún un sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ojú rẹ̀ yóò ti gbẹ kí ọbẹ̀ tó kàn án. Èmi a máa ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un nígbà tí ìdajì wa bá ti jókòó. Wàrà díndín ni àwọn tó tètè dé yóò máa jẹ ná. Ní ti ohun mímu, kálukú ni kí ó san tirẹ̀.