Mo fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kadà ń gbé mi lọ sósì

Ọdún kẹrin tí mo ti ń gun ọ̀kadà káàkiri Ìbàdàn ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ ọ̀kadà gùn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ dìsípáàṣì ni mò ń ṣe. Ẹnì kan á ra aṣọ ní Gbági, màá gbé e lọ fún un ní Àkóbọ̀; ẹlòmíì á ní kí n gba oúnjẹ ní Bódìjà wá sí Challenge, kí ó sì gbóná dé ọ̀dọ̀ òun. Bajaj tó gbé àpótí sẹ́yìn ni mò ń gùn. Mo mọ gbogbo kòtò tó wà láti Mọ́kọ́lá dé Sángo, mo sì mọ ibi tí àwọn Micra ti máa ń dúró lójijì láìṣe pé wọ́n sọ fẹ́nì kankan. Lójú ara mi, ọ̀gá ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti Ẹlẹ́yẹlé lọ sí Ọlọ́gunẹrú. Oníbàárà tó ni ẹrù ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kan kọ́nà kan tó yí sọ́tùn-ún, eré tí mo sì bá wọ̀ ọ́ pọ̀ jù. Mo rò pé kọ́nà náà ti fẹ́ tán, àṣé ó ṣì ń yí lọ. Láti 1972 tí wọ́n ti ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ ló máa ń ju ẹni tó bá sáré wọ̀ ọ́ sójú àwọn tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún mi. Micra kan ń bọ̀, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo di áńdù mú gírígírí, mo yí i sọ́tùn-ún. Ọ̀kadà tẹ̀ sósì. Mo tún yí i sọ́tùn-ún sí i, ó tún sún mọ́ Micra sí i. Bí mo ṣe ń sá fún un ni mò ń lọ bá a.

Dírẹ́bà yẹn ló gbà mí. Ó já sínú koríko, ó dúró, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó sì bú mi dé ilé bàbá mi. Wọ́n ní Ìbàdàn ni ibi tí olè gbé ń jàre olóhun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, olóhun ló jàre. Èmi dúró sétí títì, orúnkún mi ń gbọ̀n. Ohun tó ń dùn mí kì í tilẹ̀ ṣe èébú. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo yí áńdù síbi tí mo fẹ́ lọ, ọ̀kadà sì kọ̀ jálẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá tó ń bá mi tún ọ̀kadà ṣe ní Òjóò. Bàbá yìí ti ń gun alùpùpù kí wọ́n tó bí mi. Mo ní ó dà bíi pé nǹkan ti tú nínú áńdù. Wọ́n gbé iwájú ọ̀kadà sókè, wọ́n mì í, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kò sóhun tó ṣe é. Báwo lo ṣe yí áńdù lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo yí i sọ́tùn-ún, Bàbá. Gbogbo agbára mi ni mo fi yí i."

"Ohun tó fẹ́ pa ọ́ nìyẹn. Bó o bá ń sáré, tó o fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, áńdù ọ̀tún ni kó o tì síwájú."

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá ti áńdù ọ̀tún síwájú, táyà á kọjú sósì."

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá kò bá mi jiyàn. Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ìyá oníyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yá ọmọ odó (ìyá ń pariwo pé kí a má fi ọ́ìlì yí i o), wọ́n sì ní kí n gbé e dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, orí rẹ̀ lókè. Mo ṣe é. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó wó sọ́tùn-ún, kí n má fi ọwọ́ kejì kàn án. Mo sún ọwọ́ mi sọ́tùn-ún. Ọmọ odó wó sósì, díẹ̀ ló kù kí ó bá mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Mo tún un gbé. Lọ́tẹ̀ yìí mo sún ọwọ́ sósì, orí ọmọ odó sì lọ sọ́tùn-ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n padà sídìí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú kalẹ̀.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ọ̀kadà tó ń sáré kò yàtọ̀ sí ọmọ odó yẹn. Táyà ni àtẹ́lẹwọ́. Èmi, ẹ́ńjìnnì àti àpótí ẹrù ni orí rẹ̀. Bí mo bá ti áńdù ọ̀tún síwájú pẹ́rẹ́, táyà iwájú á kọjú sósì díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò ní rí, á sì sá kúrò lábẹ́ mi lọ sósì. Àwa tá a wà lókè kò tíì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gbọnrangandan la ṣì fẹ́ máa lọ. Nítorí náà a ó tẹ̀ sọ́tùn-ún. Bí ọ̀kadà bá sì ti tẹ̀, táyà iwájú fúnra rẹ̀ á ṣẹ́rí padà kọjú sọ́tùn-ún, a ó sì máa bá kọ́nà yí lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan ń sọ pé yíyí tí táyà ń yí bí òkòtò ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ó ń dá sí i lóòótọ́, àmọ́ kékeré ni tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Mo wá mọ ohun tí mo ṣe lọ́nà Ọlọ́gunẹrú. Ẹni tó bá yí áńdù sọ́tùn-ún, áńdù òsì ló ń tì síwájú yẹn. Mo sọ fún ọ̀kadà pé kí ó tẹ̀ sósì, ó sì gbọ́. Kò ṣàìgbọràn sí mi rárá.

Ó kù ìbéèrè kan: kí ló dé tí n kò fi tíì ṣubú láti ọdún mẹ́rin? Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n tí orí mi kò mọ̀. Bí ara bá balẹ̀, ọwọ́ á ti áńdù bó ṣe yẹ, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹ̀rù bá dé ni orí máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́, orí kò sì mọ̀ ju pé "yí i síbi tó o fẹ́ lọ". Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìwó Road bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀kadà. Gbogbo wọn ló ní àwọn á yí áńdù síbi tí àwọn ń lọ. Ọ̀kan ní ìdí lòun fi ń darí tòun. Mo kà á lẹ́yìn náà pé Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fi ọkọ̀ òfuurufú fò ní 1903, ti bi àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní irú ìbéèrè yìí, torí pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe tà kí wọ́n tó ṣe bàlúù. Èsì kan náà ni wọ́n fún un. Ìgbà tó tẹnu mọ́ ọn ni àwọn kan nínú wọn tó gbà pé àwọn kọ́kọ́ ń yí áńdù sí apá kejì. Ti onídìí yẹn náà ní ìdáhùn: ní Amẹ́ríkà, Keith Code, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní alùpùpù gígùn, so áńdù kejì tí kò lè yí mọ́ ara alùpùpù kan. Ẹni tó bá di ìyẹn mú á fì ìdí títí, alùpùpù á kàn máa ṣe ségesège díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi gba kọ́nà bó ṣe yẹ.

Mo ní dandan ni kí orí mi náà mọ̀ ọ́n. Títì kan wà lẹ́yìn Àkóbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn èèyàn tó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ewúrẹ́ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Mo yọ àpótí ẹrù kúrò, mo dé akoto, mo wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, mo sì fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn kúrò lójú ibi tí mo fẹ́ lò. Ẹ má fojú kéré gbígbá yẹn. Táyà tó bá tẹ̀ lórí yanrìn ti bá ilẹ̀ jà nìyẹn. Mítà ọ̀kadà mi ti kú tipẹ́, nítorí náà mo fi rọ́bà so fóònù mọ́ áńdù kí ó máa bá mi ka eré.

Mo kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn lẹ́sẹ̀. Ní irú ìrìn yẹn, bí mo bá yí áńdù sọ́tùn-ún, ọ̀tún náà ni mò ń lọ, bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ohun tó ń tan gbogbo wa jẹ nìyí, torí ibẹ̀ la ti kọ́ ọ. Àfi ìgbà tí fóònù kọjá nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní 30, mo ṣí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má lè fa áńdù, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kadà tẹ̀ sọ́tùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fi sílẹ̀, ó sì gbé ara rẹ̀ nàró. Mo tún un ṣe. Mo ti áńdù òsì, ó lọ sósì. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú akoto bí ẹni orí rẹ̀ dà rú. Ọdún mẹ́rin! Mo ṣe é bí ogójì ìgbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mò ń sọ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é: ti ọ̀tún, lọ sọ́tùn-ún, ti òsì, lọ sósì. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé apá tó bá le kò lè ṣe é. Bí mo bá na apá gbọọrọ, tí èjìká mi ká sókè, ọwọ́ méjèèjì á máa bá ara wọn jà lórí áńdù. Mo ní láti ká ìgúnpá díẹ̀, kí n fi orúnkún há táǹkì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rọ yanrìn sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ, mo tò wọ́n sójú ọ̀nà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì ń gba àárín wọn kọjá, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Mo tẹ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Gbogbo èyí tí mo tẹ̀, èyí tí mò ń wò ni. Bí ojú bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, ọwọ́ á gbé ọ̀kadà lọ bá a. Micra ọjọ́sí ni mò ń wò náà, n kò wo títì tó ṣófo lápá ọ̀tún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé páálí kan sáàárín ọ̀nà, mo ń sáré bọ̀ ní 40, mo wá ń yẹ̀ ẹ́: ti òsì, ti ọ̀tún, ó tán. Èyí ni mo fi àkókò ṣe jù, torí òun ló ń ṣẹlẹ̀ sí wa lójoojúmọ́ nígboro. Ní 1981, Harry Hurt àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Southern California gbé ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù tó lé ní 900 tí wọ́n lọ fojú rí ní Los Angeles. Wọ́n rí i pé àwọn tó gun alùpùpù náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ títi áńdù láti fi yẹ ewu rárá. Bíréèkì ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ jù títí táyà á fi máa wọ́, wọn kì í sì fún tiwájú ní agbára tó yẹ. Mo ka ìyẹn, mo rí ara mi níbẹ̀. Ohun kan tí mo kọ́ nípa páálí yẹn: ẹ má papọ̀ ṣe é. Yálà kí ẹ tẹ bíréèkì lórí ìlà tó tọ́, tàbí kí ẹ fi bíréèkì sílẹ̀ kí ẹ yẹ̀. Táyà kan kò lè fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjì.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni mo padà sí kọ́nà yẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ nílé. Ká ní ẹ fa kọ́nà kan di òbìrí kíkún, tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ mítà 30, ẹni tó bá gbà á ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ tó bíi dígírì 23. Ní 60, ó ti lé ní 43. Lórí táyà ọ̀kadà ẹrù, n kò fẹ́ dé ibẹ̀. Nítorí náà mo ti dín eré kù kí n tó wọ kọ́nà, mo gbé ojú sí ibi tí títì ti ń jáde lápá kejì, mo sì ti áńdù ọ̀tún. Ọ̀kadà tẹ̀, mo fún un níná díẹ̀, ó ń yí lọ. Láàárín rẹ̀, kọ́nà tún há sí i gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀. Ọwọ́ mi fẹ́ fa áńdù. Mo rí i pé ó fẹ́ fà á. Mo tún ti ọ̀tún sí i, ọ̀kadà tún tẹ̀ sí i, mo sì jáde lápá tèmi, mítà kan sí ìlà àárín. Mo yí padà lọ gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin sí i.

Nígbà tí mo dá àpótí padà sẹ́yìn, mo rí i pé bí ẹrù bá wúwo, agbára tí mo fi ń ti áńdù gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí mo bá gbé èrò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, tí ọ́ìlì tó ti gbẹ sójú títì bá léfòó, jẹ́jẹ́ ni mò ń tì í, kọ́nà á sì dúró dè mí.

Ìyá oníyán ti ní òun kò ní yá wa ní ọmọ odó mọ́, torí náà igi ìgbálẹ̀ ni mo fi ń ṣàlàyé fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìwó Road báyìí. Mẹ́ta ti gbà. Onídìí yẹn ṣì ní ìdí lòun fi ń darí tòun.