Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Páálí Ìgbélùú Spéìn Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì ní Ìlú Ọba

Tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìntì ní Ìlú Ọba, tó jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń lò, tẹ́ ẹ wá fẹ́ lọ máa gbé lẹ́bàá òkun ní Alicante tàbí Málaga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tíì gbé ilé yín fún ẹ̀jẹ́ǹtì pé kó bá yín tà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ wa ló ti jókòó síwájú tábìlì mi ní London pẹ̀lú báàgì ìwé, owó wọn pé, ara wọn le, síbẹ̀ wọ́n dá wọn padà. Ọjọ́ ló máa ń ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́. Ìwé tó yẹ kó ṣáájú ló kẹ́yìn, èyí tó yẹ kó kẹ́yìn sì ti gbó kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Títí di 31 December 2020, ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kàn lè kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Spéìn, kó forúkọ sílẹ̀, kó sì máa gbé. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin kí ọjọ́ yẹn tó pé ṣì ní ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ló ń gba káàdì tí wọ́n kọ Artículo 50 sí lára, ìyẹn abala òfin tí Ìlú Ọba fi kúrò nínú European Union. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ báyìí, físà lẹ máa fi wọlé. Orúkọ ẹ̀ ni visado de residencia no lucrativa, físà ẹni tó fẹ́ máa gbé láì ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí lẹ ti máa béèrè fún un, lọ́dọ̀ kọ́ńsúléètì Spéìn tó ń bójú tó àgbègbè yín: London, Manchester tàbí Edinburgh. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ṣe fàájì ní Benidorm, tó wá rò pé òun máa béèrè fún un látibẹ̀, ó máa padà wálé wá béèrè ni. Tẹ́nì kan bá sì sọ fún yín pé ẹ ra ilé olówó ńlá kí wọ́n lè fún yín ní ìgbélùú, ọ̀nà yẹn ti pa dé láti 3 April 2025.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ 90 yín

Kí físà tó jáde, àlejò lẹ ṣì jẹ́, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 lẹ sì ní káàkiri gbogbo ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ẹnubodè wọn pọ̀. Kì í ṣe 90 fún Spéìn, kẹ́ ẹ tún wá ní 90 fún Faransé. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde náà wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sáré wá sí Manchester lópin ọ̀sẹ̀ kò sọ iye ọjọ́ yẹn di tuntun.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Mo máa ń ṣí páásípọ́ọ̀tù sórí tábìlì, kàlẹ́ńdà bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, màá fi bírò pupa kun gbogbo ọjọ́ tẹ́ni náà lò níbẹ̀. Ká ní ẹ wọ Alicante ní 1 March, tẹ́ ẹ jáde ní 29 May, ẹ ti lo ọjọ́ 90 pé. 28 August lẹ tó lè padà wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, lójoojúmọ́ ni ọjọ́ àtijọ́ kan ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kà á, àmọ́ mo fẹ́ràn bírò pupa, torí ojú àgbàlagbà máa ń rí i kedere pé ààyè ti tán.

Owó tí wọ́n fẹ́ rí

Iye kan wà tí ìjọba Spéìn fi ń díwọ̀n owó tó ń wọlé fún èèyàn, IPREM ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2025, 600 yúrò ni lóṣù. Ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè, ìyẹn 28,800 yúrò lọ́dún. Tí ìyàwó tàbí ọkọ bá tẹ̀ lé yín, ẹ fi 7,200 kún un, ó di 36,000.

Ibí yìí làwọn tó gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba nìkan ti máa ń ṣubú. Lọ́dún 2025 sí 2026, pẹ́nṣọ̀n ìjọba tuntun tó pé pérépéré jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ti odindi ọdún kan sí yúrò, kò tó ìdajì 28,800 fún ẹnì kan. Ẹ gbọ́dọ̀ fi pẹ́nṣọ̀n ibi iṣẹ́, owó ilé tẹ́ ẹ fi háyà, tàbí owó tó wà ní báńkì tì í lẹ́yìn. Owó oṣù kò wọ inú ẹ̀ o. Físà yìí kò fàyè gba iṣẹ́, kódà iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Leeds.

Fún àwọn tó ń rò ó láàárín Spéìn àti ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìjẹ̀bú: pẹ́nṣọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ sókè lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé Spéìn. Fún ẹni tó bá ṣí lọ sí Nàìjíríà, ibi tó wà lọ́jọ́ tẹ́ni náà lọ ló máa dúró sí. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín.

Ìwé ọlọ́pàá: ẹ rọra níbí

Fọ́ọ̀mù físà, fọ́ọ̀mù EX-01, fọ́ọ̀mù owó 790 tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 052, páásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní ọdún kan ó kéré tán: ìwọ̀nyí kò le. Ẹni tó mọ̀wé kọ máa ṣe é láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn ló ń dá àwọn èèyàn padà.

Mẹ́ta ni iṣẹ́ tó wà lára ìwé yìí, wọn kì í sì í ṣíwájú ara wọn. Àkọ́kọ́, ẹ gba ìwé náà lọ́dọ̀ ACRO, ọ́fíìsì ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Foreign Office tó wà ní Milton Keynes, kí wọ́n fi àpọ́stíìlì sí i. Bébà kékeré tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni ìwé yín ni àpọ́stíìlì, wọ́n á so ó mọ́ ìwé yín, wọ́n á sì tẹ òǹtẹ̀ tó wú síta sí i lára. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé odindi ẹ̀ fún ògbufọ̀, kó túmọ̀ ìwé ọlọ́pàá àti àpọ́stíìlì pa pọ̀ sí èdè Spanish.

Mo ti rí bàbá kan tó rò pé òun ń fi àkókò pa mọ́. Bó ṣe gba ìwé ọlọ́pàá báyìí, ó fún ògbufọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó wá fi ojúlówó ránṣẹ́ gba àpọ́stíìlì. Nígbà tó dé ojú wíńdò, obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ó rí àpọ́stíìlì tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀, ó sì dá gbogbo fáìlì padà. Oṣù méjì ni bàbá yẹn pàdánù. Ìyá kan tún wà tó yọ pín tó so méjèèjì pọ̀ kó lè ṣe fọ́tòkọ́pì tó mọ́ dáadáa. Ẹ má yọ pín yẹn láé. Ẹ ṣẹ́ ẹ bó ṣe wà kẹ́ ẹ ya fọ́tòkọ́pì ẹ̀, ì báà tiẹ̀ wọ́.

Ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ traductor jurado, ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Spéìn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè fún láṣẹ. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló ní orúkọ wọn lọ́wọ́, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ọmọ yín tó ka Spanish ní yunifásítì kò lè ṣe é. Ẹ kọ̀wé sí ògbufọ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ béèrè iye wọn. Iye wọn máa ń jìn síra gan-an fún iṣẹ́ kan náà.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé orílẹ̀-èdè míì láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, wọ́n máa béèrè ìwé ọlọ́pàá ibẹ̀ náà. Ẹni tó lọ fi ọdún méjì kọ́lé ní Ìbàdàn máa gba tiẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo, torí ó máa ń pẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ti gba ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé ìwé kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, kẹ́ ẹ máa ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ẹ̀, ìtumọ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ìwé ti gbọ́dọ̀ wà ní Milton Keynes. Òfin tèmi ni pé kò gbọ́dọ̀ sí ìwé kan nínú fáìlì tó ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá sáré gba ìwé ọlọ́pàá ní January nígbà tí ọjọ́ ẹ̀ wà ní June, méjì ló máa san.

Ìwé dókítà náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ ò ní àrùn tó lè ṣe aráàlú léṣe gẹ́gẹ́ bí òfin ìlera àgbáyé ti ọdún 2005 ṣe là á sílẹ̀. Àwọn dókítà wa ní Ìlú Ọba máa ń kọ ti ara wọn, pé ara yín le. Ìyẹn ò tó. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ní Spanish àti Gẹ̀ẹ́sì sójú ìwé kan, kí dókítà kàn buwọ́ lù ú, kó sì lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sí i. Owó ògbufọ̀ kan ti dín kù nìyẹn.

Ìlera

Ìnṣọ́ránsì àwọn arìnrìn-àjò kò wúlò níbí. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́dọ̀ wá látọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí Spéìn fàyè gbà, sin copagos, ìyẹn ni pé ẹ ò ní máa san owó kankan kún un bẹ́ ẹ bá rí dókítà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì yẹn lójú ìwé náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tó ti ń gba pẹ́nṣọ̀n ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ sí fọ́ọ̀mù S1 lọ́dọ̀ NHSBSA, ẹ̀ka NHS tó ń bójú tó irú fọ́ọ̀mù yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi í san owó ìtọ́jú yín ní Spéìn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, INSS, ọ́fíìsì ìjọba Spéìn tó ń rí sí ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ aráàlú, lẹ máa gbé e lọ, lẹ́yìn náà centro de salud, ilé ìwòsàn àdúgbò yín.

Tẹ́ ẹ bá ti dé

Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé pẹ̀lú físà, oṣù kan lẹ ní láti béèrè fún káàdì tí wọ́n ń pè ní TIE. Ẹ má sinmi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ gbé ìwé àdéhùn ilé àti páásípọ́ọ̀tù lọ sí ayuntamiento, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ sínú padrón, ìwé orúkọ àwọn tó ń gbé ìlú náà. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ wá cita previa, ìyẹn ọjọ́ àti àkókò tẹ́ ẹ máa lọ, fún títẹ ìka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bí ti ìlú yín bá ti kún, ẹ wo àwọn ìlú míì nínú agbègbè kan náà. Ẹni tó ń gbé Torrevieja lè tẹ̀ka níbòmíì ní Alicante.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ ni fọ́ọ̀mù EX-17, ìwé owó 790 tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 012 tẹ́ ẹ ti san ní báńkì, padrón, páásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò. Ẹ má kó fọ́tò láti London lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì tóbi jù; mílímítà 32 sí 26 ni tiwọn. Ẹ ya á níbẹ̀. Èmi máa ń ní kí wọ́n kó fọ́tòkọ́pì mẹ́ta mẹ́ta dání, pẹ̀lú gbogbo ojú páásípọ́ọ̀tù, àtèyí tó ṣófo.

Tẹ́ ẹ bá lò ju ọjọ́ 183 lọ níbẹ̀ lọ́dún, Spéìn lẹ máa san owó orí sí, January sí December sì ni ọdún tiwọn. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́nṣọ̀n tí wọn kì í gba owó orí lórí ẹ̀ ní Ìlú Ọba, wọ́n ń gba owó orí lórí ẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ bá oníṣirò owó sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí lọ. Ẹ pààrọ̀ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba káàdì, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti resguardo, rìsíìtì tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ ìtẹ̀ka. Ẹ ka orúkọ yín lára káàdì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan níwájú òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹ wá wo ọjọ́ tó máa tán, ẹ ka oṣù méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fóònù yín kẹ́ ẹ tó jáde; ọjọ́ yẹn ni ẹnu ọ̀nà ìtúnṣe ẹ̀ máa ṣí.