Bí mo ṣe yan láàrin nọ́ọ̀sì àti tísà, èmi ìyá ọlọ́mọ méjì l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ọdún yìí ni mo sọ fún ara mi pé mi ò ní ta provision ní Tákié títí tí màá fi darúgbó. Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, àkọ́bí mi jẹ́ ọdún mẹ́jọ, àbúrò ẹ̀ ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe kí n tó lọ́kọ, oyún ló dá a dúró. Ìgbà tí mo wá ní mo fẹ́ padà sílé ìwé báyìí, ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń sọ: ṣe tísà, òun ló bá abiyamọ mu, tó bá ti di aago méjì o ti délé. Ìyá ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n gbà, àmọ́ mo ní kí n fojú ara mi rí i ná.

Rèsọ́ọ̀tì WAEC mi ni mo kọ́kọ́ wá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kírẹ́díìtì nínú English, Maths, Biology àti Chemistry, Physics wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú F9. Tó bá jẹ́ NCE, ìwé ẹ̀rí tísà, ni, kò sí wàhálà, ọdún mẹ́ta ni, ilé ìwé ẹ̀ ò jìnnà sí wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì Emmanuel Alayande tó ti di yunifásítì báyìí wà l'Ọ̀yọ́, Federal College of Education (Special) náà wà níbẹ̀, tí mo bá parí màá ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ tísà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò gba gbẹ̀rẹ́ ní tiẹ̀. Máràrùn-ún gbọ́dọ̀ pé, Physics wà nínú ẹ̀, ìjókòó ìdánwò tí mo fi kó wọn jọ ò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ti yunifásítì, irú èyí tí LAUTECH ń ṣe níbí, ọdún márùn-ún gbáko. Mo fọwọ́ kà á, àkọ́bí mi á ti fẹ́ẹ̀ wọ SS kí n tó jáde.

Mo wá lọ jókòó ti tísà kan ládùúgbò wa lálẹ́ bíi mẹ́ta. Ẹ gbọ́ o, aago méjì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ilé ìwé ló ń parí nígbà yẹn o, iṣẹ́ ò tíì parí. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì ẹ̀, ó kó ìwé wọn sínú báàgì Ghana-must-go wálé, báírò pupa lọ́wọ́, kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń máàkì, lesson note ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì wà ńlẹ̀ tí kò tíì kọ. Ọmọ ẹ̀ gbé homework tirẹ̀ wá, "Mọ́mì ẹ bá mi wò ó," ó ní dúró ná, ó tún ní dúró ná, ìgbà tó máa fi gbójú sókè ọmọ ti sùn lé ìwé lórí, itọ́ ti rin ojú ìwé náà. Òun fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

Anti nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé wa ni mo tún lọ bá. Ó fi roster ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, àárọ̀, ọ̀sán, night, lẹ́yìn night ni off. Ó ní tí ẹni tó fẹ́ gbà á bá pẹ́, òun ò lè fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun bá ti ṣe handover, tí òun ti fa iṣẹ́ lé ẹni yẹn lọ́wọ́, ó tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń di aláìsàn sínú báàgì wálé. (Àfi àwa ará ilé tá à ń gbé ọmọ tó níbà kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lóru, Ọlọ́run á dárí jì wá.) Ó ní kí n má sì rò pé ó dìgbà tí mo bá gbaṣẹ́ kí night tó bẹ̀rẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣe é tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ night yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ni mo bá ní ká dán an wò. Mo bẹ ìyá ọkọ mi, wọ́n wá sùn sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, èmi lọ sùn nílé ẹ̀gbọ́n mi lóru mẹ́ta léra wọn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọmọdé yẹn sunkún títí di nǹkan bí aago méjìlá, dádì wọn pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ti wọ bàtà tán kí ẹ̀gbọ́n mi tó fà mí jókòó. Ìkejì, ó sunkún díẹ̀. Ìkẹta, wọ́n ní ó jẹ ẹ̀kọ, ó gbọ́ ìtàn ìjàpá, ó sùn, kò tiẹ̀ bèèrè mi. Èmi ni mo wá sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọkọ mi ṣì ní tísà lòun fẹ́, ó ní night ló ń kọ òun lóminú. Mo ní kó lọ wo ọmọ tó sùn lé homework. Nígbà tí Màámi, ìyá ẹ̀, wá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn á máa wá sùn tó bá ti jẹ́ night, ó dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mo yan. Mo ti gba fọ́ọ̀mù GCE, ìdánwò WAEC tí ẹni tí kò sí nílé ìwé mọ́ ń ṣe, nítorí Physics, mo ń lọ lẹ́sìn-ìn ní Under G nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ kéékèèké ló kún ibẹ̀, Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Projectile, ọ̀rọ̀ ohun téèyàn jù sókè, la ṣe lánàá. Kò yé mi rárá, ọmọkùnrin kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló ju ṣọ́ọ̀kì sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ohun tí wọ́n ń sọ, mo ra gala fún un.