Bí ọmọ Òṣogbo ṣe lè wọ yunifásítì láti kọ́ ètò ìlú

Urban and Regional Planning ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí títì ṣe yẹ kó gbà, ibi tí gọ́tà yóò da omi sí, àti ìdí tí kò fi yẹ ká kọ́lé sún mọ́ etí odò Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà yóò rí tirẹ̀ mú, nítorí GIS, ìyẹn máàpù orí kọ̀ǹpútà, wà nínú rẹ̀. UNIOSUN ń kọ́ ọ ní Òṣogbo níbí. Ó wà ní OAU ní Ilé-Ifẹ̀ àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún márùn-ún ni níbi púpọ̀.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi orúkọ tó wà lórí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín), ìwé ìbí àti èsì WAEC tàbí NECO wé ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Inú NIN ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ti ń fa orúkọ jáde, kì í ṣe ohun tí ẹ bá tẹ̀. Bó bá jẹ́ Oluwaseun níbì kan, tó jẹ́ Seun níbòmíràn, ẹ lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde. Bí ẹ bá dúró dìgbà náà, orí ìlà ni ẹ óò wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń kàwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ NIN, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019. Síìmù ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò o. Nọ́ńbà fóònù kan kò lè gba ẹni méjì, orí rẹ̀ náà sì ni JAMB yóò máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹ má lo ti oníkáfè. Profile code, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà, ni ẹ óò mú lọ forúkọ sílẹ̀ ní CBT centre (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ẹ óò mú fún ìdánwò JAMB ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ sí wàhálà. English jẹ́ dandan. Maths àti Geography ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìkẹrin yàtọ̀ síra: ibì kan lè gba Economics, òmíràn Physics. Ẹ wò ó fúnra yín lórí iBASS, ojúewé ayélujára tí JAMB fi ń sọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ní orúkọ yunifásítì tí ẹ fẹ́ gan-an. Ọmọ lè gba 250 nínú ìdánwò JAMB, kí wọ́n má sì fún un ní admission torí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọn kò béèrè. Ó tún gbọ́dọ̀ ní krédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí English àti Maths wà níbẹ̀.

Ìdánwò JAMB náà jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún English, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Nínú Geography, ẹ fi ọwọ́ yín ṣe ìṣirò scale (ìwọ̀n máàpù) àti ìlà contour (ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn) léraléra. Kíkà lásán kò tó.

Bí èsì WAEC bá jáde, ẹ padà sí CBT centre kí wọ́n gbé e sórí CAPS, ojúewé JAMB tí wọ́n fi ń fúnni ní admission. Bó bá ṣì ń fi “awaiting result” (èsì kò tíì dé) hàn, máàkì ò lè ran yín lọ́wọ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ti yunifásítì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ CAPS wò. Bí admission bá dé, ẹ tẹ “accept” níbẹ̀. Ẹ ka orúkọ kọ́ọ̀sì dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n lè fún yín ní òmíràn. Ẹni tó bá ti ní OND Town Planning lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti 200 level, ìyẹn ọdún kejì.