Àbúrò Tí Kò Fẹ́ Ra Ìnṣọ́ránsì Ìlera: Bí Ẹ Ṣe Lè Bá A Sọ Ọ́ Láìdìjà

Ọdún méjì gbáko ni àbúrò mi ọkùnrin fi san owó ìnṣọ́ránsì ìlera. Kò ṣàìsàn rárá. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó dá a dúró. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n kàn ń jẹ owó mi ni." Oṣù yẹn náà ló gba fóònù tuntun tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìdínlógún. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà: ohun tó ń san lóṣù lórí fóònù ju ohun tó lóun ò san mọ́ lórí ara rẹ̀ lọ. Inú bí mi débi pé mi ò gbé ìpè rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe bíi tèmi. Èmi jiyàn. Ó ní jìbìtì ayé òde òní ni. Mo ní rárá o, láti 1883, nígbà tí Bismarck jẹ́ olórí ìjọba wọn, ni Jámánì ti ṣòfin pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dá owó ìtọ́jú ara wọn jọ: òṣìṣẹ́ á san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ á san ìdá kan tó kù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé ṣé Bismarck ló máa bá òun san tòun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ìbéèrè tó yẹ kí n bi í kò ju ẹyọ kan lọ: "Tí wọ́n bá gbé ẹ dé ọsibítù lálẹ́ òní, ta lo máa pè?" Mi ò bi í. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ kán, aago mọ́kànlá alẹ́ sì ni fóònù mi dún. Wọ́n ń béèrè àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Owó tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni mo kó lọ.

Orí ìjókòó ọsibítù ni òye ti yé mi. Ta ló sọ pé àbúrò mi ò ní ìnṣọ́ránsì? Èmi gan-an ni ìnṣọ́ránsì rẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ lé mi lórí. Ẹni tó ní ọ̀fẹ́ nílé, kí ló fẹ́ lọ rà lóde?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àwòrán eegun, iṣẹ́ abẹ, irin tí wọ́n fi so eegun, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, ọ̀pá tó fi ń rìn. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí kò lè lọ síbi iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀, torí ìnṣọ́ránsì ìlera lásán kì í sábà san irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ má kà á fún un lórí àìsàn. Ìgbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán ni mo tó gbé ìwé yẹn kalẹ̀. Mo wá sọ fún un pé, "Irin tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ yìí, owó àwọn tí kò ṣàìsàn lọ́dún yìí ni ì bá san án. Bí owó tìẹ náà ṣe tún ẹsẹ̀ ẹlòmíì ṣe ní ọdún méjì yẹn nìyẹn." Kò fèsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ibi tí agbára yín mọ, kí ẹ sì sọ ọ́ nígbà tí ara onítọ̀hún le. Mo dárúkọ iye tí mo lè yọ̀ǹda lọ́dún, mo ní tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Mo sọ ọ́ létí ìyàwó rẹ̀. Màmá wa ní ìkà ni mí. Mo fara mọ́ ọn.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ìwé àdéhùn. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú bírò dání. (Àwọn tó ń kọ ìwé wọ̀nyí, ó jọ pé ẹni tó bá ń kà á ni wọ́n ń bínú sí.) Ẹ wá oṣù tí wọ́n ní kó fi dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn àìsàn kan. Ẹ wá ohun tí wọ́n sọ nípa àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ tó kán ti wọ inú ìyẹn báyìí, òfin ibi tí èèyàn ń gbé ló sì máa sọ bóyá wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ wo àwọn ọsibítù tí wọ́n ń bá ṣe, àti iye tí wọn ò ní kọjá lọ́dún.

Èyí tó fẹ́ dá wa padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀ ni owó tí aláìsàn máa kọ́kọ́ san lápò ara rẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó dá sí i. Ètò tí owó oṣooṣù rẹ̀ kéré jù ni àbúrò mi fà yọ. Ìgbà tí a yí ojú ìwé, a rí i pé owó àkọ́san yẹn tó owó oṣù rẹ̀ méjì. Mo bi í pé, "Ṣé owó oṣù méjì wà ní àkáǹtì ẹ?" Kò sí. Ìyẹn ni pé èmi náà ló tún máa pè. Ètò olówó kékeré dára fún ẹni tó ti fi owó àkọ́san pa mọ́. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba èyí tí owó oṣooṣù rẹ̀ ga díẹ̀ tí àkọ́san rẹ̀ sì kéré. Èyí la mú.

Ẹ má bá a san gbogbo rẹ̀, torí ohun tí kò bá ná an lówó, kò ní ka ìwé rẹ̀. Mo ní kó san ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí n san ìdá kan, fún ọdún àkọ́kọ́ péré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bismarck ti dé." A ní kí báǹkì máa yọ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kó tó rí i ná.

Ó pè mí lálẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyà mi já. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n kọ ọ́ síbí pé kí n pè wọ́n kí n tó lọ rí dókítà eegun. Ṣé dandan ni?" Mo ní kó ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó kà á sí mi létí, lórí fóònù tó ṣì ku oṣù mẹ́rin kó san án tán.